Ta ló ti dé ọ̀nà omi àtijọ́ Peña Cortada ní Spéìn? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Èbúté:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìkòròdú Ọ̀gá!

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Valencia ní Spéìn ló ní kí n wá lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Físà ti jáde, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Láti ọjọ́ tó ti jáde ni mo ti fi sọ́kàn pé pápá bọ́ọ̀lù Mestalla ni mo máa kọ́kọ́ yà sí, kí n ya fọ́tò níwájú ẹ̀, kí n fi pa àwọn kan lẹ́nu mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ àbúrò mi wá pè mí lánàá, ó ní òun ti ṣètò tiwa. Mọ́tò ló máa fi gbé wa lọ sí ìlú kan tó ń jẹ́ Chelva, nǹkan bíi kìlómítà 70 sí Valencia, láàárín òkè, ká lọ wo ọ̀nà omi tí àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́ gbẹ́ gba inú àpáta. Peña Cortada lorúkọ ibẹ̀. Ẹsẹ̀ la máa fi rìn ín o, nínú oòrùn, a ó sì gba inú ihò òkúta kọjá.

Mi ò fẹ́ ṣe àìmoore sí àna mi, èèyàn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wò ó: èmi tí mò ń ta páìpù àti tánkì omi ní Sàbó láàárọ̀ títí dalẹ́, tí mo bá wọ bàálù tán, ṣé ọ̀rọ̀ omi náà ni mo tún fẹ́ lọ máa wò? Ẹni tó bá ti dé bẹ̀ kó sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ó tó nǹkan tí èèyàn ń wò, àbí òkúta lásán ni?

Alákùrọ̀ Odògúnyán:

Àbúrò, lọ. Tó o bá torí pápá bọ́ọ̀lù má lọ, ìwọ lo pàdánù.

Mo ti dé bẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin ń bá wọn ká ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Valencia, òun ló mú mi lọ nígbà tí mo lọ kí i. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí níbí, ẹ̀fọ́ ni mò ń gbìn, àkùrọ̀ kan ni mò ń dá lẹ́yìn Odògúnyán: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, ugu díẹ̀. Ẹni tó bá ti fi kẹ́ẹ̀nì pọnmi wọ́n ewédú rí nínú oṣù kejì, tí ilẹ̀ mu ún tán lójú ẹ̀ kó tó bu òmíràn dé, kò ní pe ọ̀nà omi ní òkúta lásán.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí kó o má bàa bínú sí àna rẹ: kò sí omi nínú ẹ̀. Ó ti gbẹ tipẹ́tipẹ́. Ojú ibi tí omi ń gbà tẹ́lẹ̀ lo máa bá, ìwọ fúnra rẹ lo máa wá rìn níbi tó yẹ kí omi ti máa ṣàn.

Inú odò Tuéjar ni wọ́n ti gbé omi yẹn. Wọ́n mú un gba ara òkè kọjá ní Chelva àti Calles, ó forí lé apá Domeño. Èyí tí wọ́n ti rí tọ nínú ẹ̀ lé ní kìlómítà 28. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ibi tó ń lọ gan-an: àwọn kan ní oko ni wọ́n fi ń bomi rin, àwọn kan ní ìlú ńlá ni wọ́n ń gbé e lọ bá. Èmi wà lẹ́yìn àwọn tó ní oko. Ẹ ò lè bá mi jà sí i.

O ó máa rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, igi páìnì lọ́tùn-ún lósì, àfi lójijì tí ilẹ̀ á là níwájú rẹ, kòtò jíjìn, afárá òkúta olójú mẹ́ta á sì dábùú ẹ̀. Gíga ẹ̀ tó mítà 33, gígùn ẹ̀ ò ju mítà 36 lọ. Ẹni tí òòyì máa ń kọ́ kó má wolẹ̀ níbẹ̀. Bó o bá ti ń kúrò lórí afárá, àpáta lo máa kò. Wọn ò gun orí ẹ̀, wọn ò sì yí i po. Wọ́n là á sí méjì látòkè délẹ̀ ni, ó tó mítà 25, àlàfo àárín ẹ̀ kò sì ju ibi tí èèyàn méjì lè gbà pàdé ara wọn. Irin àti òòlù ni wọ́n fi ṣe é o, kò sí katapílà nígbà náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ihò tí àna rẹ sọ. Wọ́n dá ojú sí ẹ̀gbẹ́ ihò náà kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, tó o bá yọ orí níbẹ̀, gbogbo àfonífojì náà á ṣí sílẹ̀ fún ọ, oko igi ólífì àti ti álímọ́ńdì nísàlẹ̀.

Wàá bi mí pé kí ló dé tí wọ́n fi ń fìyà jẹ ara wọn báyẹn. Wọ́n lè yí òkè náà po, wọ́n lè gba inú kòtò sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tún gòkè lódì kejì. Èèyàn lè ṣe bẹ́ẹ̀. Omi tó ń ṣàn nínú gọ́tà tí orí ẹ̀ là sílẹ̀ kò lè ṣe é. Bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ báyìí, kò ní gòkè mọ́, gbogbo oko tó wà lókè ibẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn. Tó o bá sì yí òkè po jù, ìjìnnà tó o fi kún un á ti jẹ ìdagẹ̀rẹ̀ tó yẹ kó o pamọ́ fún iwájú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ná owó àti ẹ̀mí èèyàn lórí àpáta. Bí mo ṣe dúró nínú àlàfo yẹn, ilẹ̀ gọ́tà ni mò ń wò, ọmọ mi rò pé nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ mi ni.

Ìwọ tó ń ta páìpù, mo mọ̀ pé o máa ní kí wọ́n kúkú fi páìpù gbé e gba inú kòtò. Wọ́n mọ ìyẹn náà. Ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé, páìpù òjé ni wọ́n fi gbé omi sọ̀ kalẹ̀ tó sì tún gòkè. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ ohun tí jọ́ìńtì máa ń ṣe tí agbára omi bá pọ̀ nínú ẹ̀. Òjé náà ò sì pọ́ọ́kú.

Bíríkìlà Ágíríìkì:

Ìyá wa, ẹ ṣeun. Mo fẹ́ fi kinní kan kún un, torí iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.

Nígbà tí mo wà ní pólì, olùkọ́ kan ya irinṣẹ́ tí àwọn ará Róòmù fi ń wọn ìdagẹ̀rẹ̀ sójú pátákó fún wa. Chorobates ni wọ́n ń pè é. Pákó gígùn kan ni, ẹsẹ̀ bàtà 20, ó ní ẹsẹ̀ lábẹ́ bíi ti tábìlì, okùn tí wọ́n so nǹkan wíwúwo mọ́ sì rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Tí okùn bá bọ́ sójú ìlà, pákó ti tẹ́jú nìyẹn. Tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ okùn kiri, wọ́n ti gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ sórí pákó náà, omi ni wọ́n á dà sínú ẹ̀. Bí omi bá kan etí kòtò náà dọ́gbadọ́gba, ó tán.

Ẹ rántí rọ́bà funfun tí èmi àtẹ̀yin jọ mọ̀, èyí tí a ń rọ omi sí nínú tí ọmọṣẹ́ á di orí kan mú lẹ́sẹ̀ ògiri yìí, tí ọ̀gá á di orí kejì mú lọ́hùn-ún. Omi yẹn kì í parọ́. Mo ti rí lẹ́fẹ́ẹ̀lì olówó ńlá tó ń parọ́ rí, rọ́bà ló tú u láṣìírí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń bá omi sọ láti ìgbà Róòmù.

Ọmọ Èbúté, bá mi ya fọ́tò ibi tí afárá ti kan àpáta. Ibi oríkèé yẹn ni kó o yà o, má kàn ya ojú ara rẹ nìkan.

Ìyá Ìbejì Májìdun:

Ẹ̀yin lẹ ní orúnkún tó dáa. Èmi náà ti dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn yẹn. Nínú oṣù keje ni wọ́n mú mi lọ, kò sí ìbòòji lójú ọ̀nà, omi inú ike mi gbóná débi pé mo lè fi po ẹ̀kọ. Nígbà tí a fi máa dé afárá, mo ti ń pe gbogbo orúkọ Olúwa. Afárá náà dára, mi ò ní purọ́. Mo jókòó sí ìdí ẹ̀, mo ní kí àwọn tó kù máa lọ, kí wọ́n padà wá bá mi níbẹ̀.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù ní gbogbo ìrìn àjò yẹn ni òfio. Òfio yìí náà o, tí àwọn ọmọ Hausa ń fi bàrò tì kiri ní Sàbó! Àwọn ará Valencia ń gbìn ín ní Alboraya, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi ṣúgà sí i, wọ́n á gbé e fún ọ ní tútù nini. Horchata ni wọ́n ń pè é. Búrẹ́dì gígùn kan wà tó rọ̀ múlọ́múlọ́, inú ẹ̀ ni wọ́n ń kì í bọ̀. Ọkọ̀ ojú irin ìlú dé Alboraya, èèyàn ò ní rìn jìnnà. Tó bá jẹ́ èmi ni, ibẹ̀ ni mo máa ní kí àna mi gbé mi lọ.

Alákùrọ̀ Odògúnyán:

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Oṣù keje! Àfi kí ẹni tó mú yín lọ yẹn dọ̀bálẹ̀. Oṣù kẹrin tàbí oṣù kẹwàá ló dáa. Ẹni tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, ọ̀nà mìíràn wà nínú Chelva fúnra ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ruta del Agua. Ó gba àárín àdúgbò àtijọ́ tí àwọn Mùsùlùmí kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí odò, ibi tí àwọn èèyàn ti ń lúwẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀, ihò kan tí wọ́n ti fa iná sí nínú sì wà pẹ̀lú.

Òfio yín yẹn, ṣé ẹ mọ omi tí wọ́n fi ń gbìn ín? Omi odò Turia ni, gọ́tà ló ń gbé e wọ oko. Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí lórí tó báyìí, torí afárá Chelva kọ́ ló gbà mí lọ́kàn jù.

Ní ẹ̀bá Valencia, gọ́tà mẹ́jọ ló ń mu nínú odò Turia láti bomi rin oko. Wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí àwọn Mùsùlùmí ń ṣèjọba. Nígbà tí Ọba Jaume, ọba Kristẹni láti Aragon, gba ìlú náà lọ́wọ́ wọn ní 1238, kò tú ètò omi wọn ká, ó ní kí wọ́n máa lò ó bí wọ́n ṣe ń lò ó tẹ́lẹ̀. Títí di òní, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, tí agogo ilé ìjọsìn ńlá wọn bá ti lu méjìlá ọ̀sán, àwọn aṣojú gọ́tà wọ̀nyí á jókòó yíká lẹ́nu ilẹ̀kùn tí wọ́n ń pè ní ti àwọn Àpọ́sítélì, nínú aṣọ dúdú, ní gbangba, láti dá ẹjọ́ omi. Wọn ò ka ìwé òfin o. Àgbẹ̀ ni wọ́n, àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ wọn ló yàn wọ́n, ẹni tí kò bá ní oko tó ń dá kò lè débẹ̀.

Ẹnìkan á dìde pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, á máa pe gọ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan: àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní Quart dà? Ti Mislata dà? Ti Favara dà? Báyìí títí á fi pè é tán. Bí ẹjọ́ bá wà, ẹnu ni wọ́n fi ń rò ó. Kò sí lọ́yà, kò sí “ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, fáìlì ò tíì jáde”. Ẹsẹ̀ ni alága fi ń tọ́ka sí ẹni tó kàn láti sọ̀rọ̀. Mo ní ẹsẹ̀! Níbí, ẹni tó bá fẹsẹ̀ júwe ọmọlúàbí, ìjà ti dé nìyẹn. Bí ẹjọ́ bá wá láti apá ọ̀tún odò, àwọn ti apá òsì ló ń dá a, kí ẹnikẹ́ni má bàa gbè sẹ́yìn ará ilé ẹ̀. Tí wọ́n bá ti dá a, ó parí, kò sí kòtẹ́milọ́rùn. Ní 2009, UNESCO fi ilé ẹjọ́ omi yìí àti irú ẹ̀ kan ní Murcia sínú àwọn ohun àjogúnbá ayé.

Ìpín ni wọ́n fi ń pín odò náà. Bí odò bá kún, gbogbo gọ́tà á gbà púpọ̀. Bó bá fà, gbogbo wọn á jọ gbà díẹ̀. Omi kì í sì í kúrò lára ilẹ̀: ẹni tó bá ta oko ẹ̀ ti ta omi mọ́ ọn, kò lè mú omi sọ́tọ̀ kó tà á fún olówó kan.

Ẹ ò ní mọ bí ìyẹn ṣe rí lára mi tí mi ò bá sọ tiwa. Ní ẹ̀ẹ̀rùn kan, ẹnìkan tó ń dáko lókè wa to àpò yanrìn sínú odò kékeré tí gbogbo wa jọ ń lò, ó gbé ẹ̀rọ síbẹ̀, ó ń fa gbogbo ẹ̀ sóko tirẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ mi joro, ewédú ẹnìkejì mi ò tiẹ̀ yọ orí síta. A pèpàdé. A pe àwọn àgbà. Oníkálukú ń sọ pé “ẹ mú sùúrù, ará kan náà ni yín”. Ẹlẹ́rọ náà jókòó síbẹ̀, ó ń mi orí. Òjò àkọ́rọ̀ ló bá wa parí ẹjọ́ yẹn nígbẹ̀yìn, kì í ṣe èèyàn kankan. Mo wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn Valencia, mo rí àgbẹ̀ bíi tèmi tó jókòó sórí àga, tí ẹnu ẹ̀ sì tó láti bu owó ìtanràn lé ẹni tó bá sé omi mọ́ ẹnìkejì. Ọmọ mi ní ká máa lọ jẹun, mo ní kó lọ jẹ tirẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo wà níbẹ̀, ẹjọ́ ò tiẹ̀ sí. Wọ́n pè, kò sẹ́ni tó dáhùn, wọ́n dìde. Àwọn òyìnbó tó gbé kámẹ́rà wá ń kùn pé ṣé ó ti tán nìyẹn. Inú tèmi dùn.

Bíríkìlà Ágíríìkì:

Ìyá, ẹ jẹ́ ká dá irú ẹ̀ sílẹ̀ ní Odògúnyán. Ẹ fi mí ṣe ẹni tó ń gbé ọ̀pá.

Alákùrọ̀ Odògúnyán:

O ní oko? Ẹni tí kò ní oko kò lè débẹ̀, mo ti sọ ọ́ lókè.

Ọmọ Èbúté:

Ẹ ṣeun mà, ẹ ṣeun gbogbo yín. Mo ti pe àna mi, mo ní mo gbà, a jọ ń lọ sí Chelva. Inú ẹ̀ dùn débi pé ó ń béèrè nọ́ńbà bàtà mi. Ìbéèrè mi ló kù: ṣé a máa sanwó níbi ọ̀nà omi náà, ṣé bọ́ọ̀sì sì máa ń débẹ̀, tó bá ṣẹlẹ̀ pé iṣẹ́ dí i? Ti Ọjọ́bọ̀ yẹn náà, iṣẹ́ ló máa wà. Ṣé èmi nìkan lè dá lọ? Mi ò gbọ́ èdè wọn o. Mi ò sì tíì fi Mestalla sílẹ̀, ẹ má bínú.

Alákùrọ̀ Odògúnyán:

Fi Mestalla síbẹ̀, ta ló ní kó o fi sílẹ̀? Mestalla yẹn gan-an, ọ̀kan nínú gọ́tà mẹ́jọ tí mo sọ lókè ni. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni wọ́n kọ́ pápá bọ́ọ̀lù sí ní 1923, orúkọ gọ́tà ni pápá ń jẹ́. Tó o bá dé iwájú ẹ̀, tó o ya fọ́tò tán, sọ fún àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù rẹ pé ọ̀rọ̀ omi náà lo tún lọ wò.

Ní Peña Cortada, ọ̀nà igbó ni, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Bọ́ọ̀sì láti Valencia ń dé Chelva, ṣùgbọ́n kò pọ̀. Bí ti ìpadàbọ̀ bá lọ tán, o di àlejò wọn mọ́jú. Mọ́tò àna rẹ ló dáa. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni kó o wọ̀, kì í ṣe sálúbàtà. Tọ́ọ̀ṣì fóònù tó fún inú ihò, bẹ orí rẹ mọ́lẹ̀ níbi tó bá ti kúrú. Omi mímu, gbé e tó pọ̀ láti ilé, ibi ọ̀nà omi kò sí omi.

Ti Ọjọ́bọ̀, dá lọ. Ọ̀fẹ́ ni, ìta gbangba ni. Sọ fún ẹnikẹ́ni pé Plaza de la Virgen lò ń lọ, wọ́n á júwe ẹ̀ fún ọ, ilẹ̀kùn àwọn Àpọ́sítélì ló kọjú sí gbàgede yẹn. Èdè Valencia ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, àwọn ará Spéìn mìíràn gan-an ò gbọ́ gbogbo ẹ̀, nítorí náà ìwọ àti wọn jọ ń wò ni. Kí aago méjìlá tó lù ni kó o ti débẹ̀, tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn orí èèyàn lo máa rí.

Ìyá Ìbejì Májìdun:

Tó o bá kúrò níbẹ̀, kọjá sí Alboraya. Horchata o! Mu ti èmi náà.